Àádọ́ta Ọjọ́ Tí Ọmọ Mi Kò Kúnlẹ̀

Ìyá ọkọ mi máa ń sọ pé ìdí mi kì í gbé orí àga, òótọ́ ló sì sọ. Láti kékeré ní Kétu ni mo ti ń rìn káàkiri bí ẹni tó ń wá nǹkan. Ṣùgbọ́n ti ọdún tó kọjá, láàárín Ọdún Àjíǹde sí Pẹ́ńtíkọ́sì, ó kọjá àbínibí. N kò lè jókòó jẹun tán. Màá bu òkèlè iyán kan, màá dìde lọ yọjú sí ẹnu ọ̀nà, kí n tó padà, ọbẹ̀ á ti tutù. Ọkọ mi ní, "Ìwọ obìnrin yìí, ṣé èèrà ló wà lórí àga rẹ ni?" Mo ní kó fi mí sílẹ̀ jàre. Ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo ló fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ìgbéyàwó rẹ̀ jẹ́ lójú mi. Ẹni tó bá lè jókòó sórí ìyẹn, kó wá jókòó ká wò ó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, torí ọkọ mi ti bá mi sọ ọ́ kiri gbogbo Titirou, àdúgbò wa ní Parakou, bó sì ṣe ń sọ ọ́ kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Olùkọ́ ìtàn ni mí. Láti ìgbà tí ìjọba ti gbé ọkọ mi wá sí Parakou ni mo ti ń kọ́ ọmọ ní kọ́léèjì níbí. Ní àárọ̀ Sátidé, mo tún máa ń kọ́ àwọn àgbàlagbà tó fẹ́ ṣèrìbọmi ní ìjọ wa ní ìtàn bí ìjọ Kristi ṣe bẹ̀rẹ̀. Inú tó ń bí mi ló gbé mi débẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn gbà pé láti ọwọ́ Jésù ni ìgbàgbọ́ ti bọ́ sọ́wọ́ òyìnbó, tí òyìnbó sì gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi wá bá wa. Màá ní, "Ta ló pa irọ́ yẹn fún yín?" Nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù ti wà ní Íjíbítì àti ní Kátéèjì, ní Áfíríkà tiwa níbí, tí wọ́n ń kọ̀wé, tí wọ́n ń bá Róòmù jiyàn, àwọn baba ńlá òyìnbó tí ẹ ń wí yìí ṣì ń bọ igi nínú igbó. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi kì í rẹ́rìn-ín.

Ní Sátidé kan nínú ààwẹ̀, ká tó dé ọ̀sẹ̀ Àjíǹde, mo sọ ìtàn ìpàdé ńlá tí wọ́n ṣe ní Nísíà fún wọn. Mo sọ bí ọba Róòmù ṣe ránṣẹ́ pe àwọn bíṣọ́ọ̀bù láti ibi gbogbo, bí àwọn kan ṣe ń tiro wọlé, tí àwọn mìíràn sì jẹ́ olójú kan, nítorí ohun tí àwọn ọba tó ṣáájú ti fi ojú wọn rí. Mo sọ bí wọ́n ṣe jà lórí bóyá Ọmọ bá Baba dọ́gba. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá sọ pé wọ́n tún ṣe àwọn òfin kéékèèké, èyí tó kẹ́yìn nínú wọn sì ni pé ní ọjọ́ Ìsinmi, àti ní gbogbo àádọ́ta ọjọ́ láti Àjíǹde títí dé Pẹ́ńtíkọ́sì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ gbàdúrà. Kí gbogbo èèyàn dìde dúró. Lójú tiwọn, ẹni tó ń kábàámọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ ló ń kúnlẹ̀. Ẹni tó ti bá Kristi jí kúrò nínú òkú, orí ìdúró ló yẹ kó wà.

Mo tún ṣàlàyé ti àwọn tó sẹ́ ìgbàgbọ́ wọn nígbà inúnibíni, tí wọ́n wá fẹ́ padà. Wọ́n á kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa sunkún, wọ́n á máa bẹ àwọn tó ń wọlé. Lẹ́yìn ọdún gbọọrọ, a ó gbà wọ́n wọlé, ṣùgbọ́n orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n á wà nígbà tí àwọn yòókù bá dúró. Ọjọ́ tí a bá gbà kí wọ́n bá àwọn èèyàn dúró, ọjọ́ yẹn ni wọ́n tó mọ̀ pé a ti dárí jì wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà, ẹ máa wò ó. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà tiẹ̀ nu ojú.

Ọmọbìnrin mi wà lẹ́yìn, ó bá mi gbé àpò wá nítorí èjìká tó ń dùn mí. Ìṣirò lòun ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé. Ìyẹn ló fa gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé inú ìṣirò pẹ́, ohun tó bá ti jẹ́ òtítọ́ lórí pátákó gbọ́dọ̀ jẹ́ òtítọ́ ní ilé ìdáná, ní ọjà, ní gbogbo ibi. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó kàn ń wo pátákó, ó fi ìka lé ètè.

Ní ọjọ́ Àjíǹde, nígbà tí gbogbo ìjọ kúnlẹ̀, ọmọ mi dúró. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń pòṣé nítorí pé ó dí wọn lójú. Mo rò pé ìtara ọdún ni, á sì lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó jáde kí bàbá rẹ̀. Láti ìgbà tó ti mọ̀ ọ́n rìn ni orúnkún rẹ̀ ti máa ń kan ilẹ̀ kó tó la ẹnu. Ó dúró gbagidi bíi ọlọ́pàá jàǹdáámù, ó tẹ orí ba díẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Pàpá." Ọkọ mi wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ṣé orúnkún ń dùn ọ́ ni?"

"Rárá o, Pàpá. Títí dé Pẹ́ńtíkọ́sì ni. Màmá ló kọ́ wa."

Ojú tí ọkọ mi fi wò mí! Ó ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ tèmi kò ṣe nǹkan kan. Ìtàn ni mo sọ, n kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́.

Mo pe ọmọ náà sínú yàrá. Mo ní, "Gbọ́, òfin àdúrà ni. Kì í ṣe òfin ìkíni. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù yẹn kò mọ Yorùbá, wọn kò mọ̀ pé à ń kúnlẹ̀ kí bàbá ẹni. Àdúrà ni wọ́n ń wí."

Ó ní, "Màmá, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run fúnra rẹ̀, n kò kúnlẹ̀ fún un láàárín àádọ́ta ọjọ́ yìí. Ta wá ni èèyàn tí màá kúnlẹ̀ fún?"

Ó tún rán mi létí ohun mìíràn tí mo ti kọ́ wọn, pé ní ayé àwọn ọba Faransé àtijọ́, ọkùnrin tó bá fẹ́ di ìránṣẹ́ olóyè kan a kúnlẹ̀, a pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, a fi wọ́n sáàárín ọwọ́ olóyè náà, àti pé àwọn kan gbà pé ibẹ̀ la ti kọ́ bí a ṣe ń pawọ́ pọ̀ gbàdúrà lónìí. Ó ní, "Ẹ rí i? Ìkúnlẹ̀ àwọn ará àtijọ́, ti ìbànújẹ́ ni. Ti àwọn tó tẹ̀ lé wọn, ti ìránṣẹ́. Èwo ni kí n mú lọ sí ọjọ́ ayọ̀ mi?"

Ọjọ́ ayọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n jókòó. Ìdílé ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ ti dá ọjọ́ tí wọ́n á wá tọrọ ìyàwó, ọjọ́ náà sì bọ́ sí àárín àádọ́ta ọjọ́ yìí gan-an. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni wọ́n, àmọ́ àdúgbò Albarika ní Parakou níbí ni wọ́n ń gbé láti ìran bàbá ńlá wọn. Ẹ sì mọ bó ṣe ń rí. Wọ́n á mú ìyàwó jáde, á kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ, ìyá ọkọ á gbé ọwọ́ lé e lórí, á ṣàdúrà, á ní kó dìde. Bí kò bá sí ìyẹn, ẹ kàn jẹun lásán ni.

Mo fò sórí ọ̀kadà zemijan kan, mo ní kó gbé mi lọ Albarika. Oòrùn ń jó orí, eruku ń wọ mí lẹ́nu, mo ń bá ara mi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọlọ́kadà débi pé ó bi mí bóyá òun ni mo ń bú. Mo bá ìyá ọkọ ọmọ mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Aránṣọ ni, obìnrin jẹ́jẹ́, ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Mo bẹ̀ ẹ́ pé ká sún ọjọ́ síwájú, kó di ẹ̀yìn Pẹ́ńtíkọ́sì. Ó ní kò ṣeé ṣe, àwọn èèyàn wọn ti sanwó ọkọ̀ láti Ṣábẹ̀, àti pé ìyá ọkọ òun, ìyá àgbà ilé náà, ti darúgbó kọjá ẹni tí a lè máa dá ọ̀la fún. Mo wá sọ òótọ́ fún un. Mo ní ọmọ mi kò ní kúnlẹ̀, nítorí òfin kan nínú ìwé ìjọ àtijọ́.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ.

"Àna mi," ó ní, "ẹ jẹ́ kí n sọ ti èmi fún yín. Ọjọ́ tí wọ́n mú mi wọ ilé yìí, àgbàlá ni mo kúnlẹ̀ sí, lórí òkúta wẹ́wẹ́. Ìyá ọkọ mi wo orí mi, kò sọ nǹkan kan, ó wọlé lọ. Ó lọ kírun, ó jẹun, ó bá àwọn àlejò ṣàwàdà. Kò sẹ́ni tó lè gbé mi dìde, torí ẹnu rẹ̀ nìkan ló lè ní kí n dìde. Mo wà níbẹ̀ títí òjìji ilé fi bò mí. Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni mò ń kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. N kò bá a jà rí. N kò sì gbẹ̀san, Ọlọ́run mọ̀. Mo kàn ń retí ọjọ́ tí ọmọ kan máa kúnlẹ̀ fún èmi náà, kí n sọ fún un pé kó dìde. Èmi kò ní jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀."

Omi bọ́ lójú mi. Mo ní, "Ẹ má bínú." Ó nu ojú tirẹ̀ pẹ̀lú etí aṣọ tó ń rán. Ó ní, "Bí kò bá kúnlẹ̀, àna mi, èmi náà kò ní gbà á. Ẹ sọ fún un bẹ́ẹ̀. Ìgbà tèmi ló tó yìí, wọn kò lè fi ìwé gbà á lọ́wọ́ mi."

Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Nígbà tí mo délé, mo rò ó fún ọmọ mi bó ṣe rí gẹ́lẹ́, òkúta wẹ́wẹ́, òjìji ilé, gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́ ọ dé òpin. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Gbogbo ohun tí a gbìyànjú lẹ́yìn ìyẹn, òfo ni. Bàbá rẹ̀ pariwo, ó ní bí òun bá jẹ́ ẹni tó bí i, á kúnlẹ̀. Mo mú ọmọ náà lọ bá àlùfáà wa. Àlùfáà rẹ́rìn-ín, ó ní òfin àtijọ́ nìyẹn, pé àwa ti ń kúnlẹ̀ tipẹ́. Ọmọ mi bi í pé ta ló pa òfin náà rẹ́, àti nínú ìpàdé wo. Àlùfáà wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní òun ní òkú láti sin. Ọkọ àfẹ́sọ́nà ń pè mí lórí pọ́tábù ní gbogbo ìgbà. "Màmá, ìyá mi ń sunkún. Ọmọ yín náà ń sunkún. Èmi ńkọ́, ta ni mo fẹ́ tù nínú?" Mo ní kó máa tu èmi nínú ná.

Mo ń bínú sí ọmọ mi, mo tún ń yangàn nípa rẹ̀, àwọn méjèèjì ń jà nínú mi bí ológbò nínú àpò. Ẹ̀ẹ̀kan, mo rò ó pé ta ni mo ti rí tó mú ohun tí mo kọ́ ọ ní pàtàkì tó báyìí? Lẹ́yìn náà màá rántí obìnrin yẹn nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, inú mi á sì bàjẹ́.

Ọjọ́ pé. A to àga sábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé wa ní Titirou. Àwọn ará Albarika dé, wọ́n gbé ìyá àgbà sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò bí ẹni gbé ẹyin. Àláàjà ni, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, orúnkún rẹ̀ ti kọ̀, orí àga ló ti ń kírun. A gbé e sí àga onítìmùtìmù, ìyàwó rẹ̀ aránṣọ jókòó tì í. Àwọn agbẹnusọ bẹ̀rẹ̀ sí í dápàárá. Tiwọn ní àwọn rí òdòdó kan nínú ọgbà wa, tiwa ní ọgbà wa ní ajá. Èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Èmi wà lẹ́yìn àga ọkọ mi, mo di etí àga náà mú, torí bí n kò bá dì í mú, màá sá lọ.

Wọ́n mú ọmọ mi jáde, wọ́n ká ìborí kúrò lójú rẹ̀. Ó rìn wá síwájú ìyá ọkọ àti ìyá àgbà. Ó tẹ orí ba gidigidi, ó kí wọn dáadáa, ohùn rẹ̀ sì dùn. Orúnkún rẹ̀ kò yẹ̀.

Agbẹnusọ wọn rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Ìyàwó, ilẹ̀ kò gbóná o." Èèyàn méjì rẹ́rìn-ín, wọ́n tún dákẹ́. Ọkọ àfẹ́sọ́nà ń wo ilẹ̀. Mo rí ojú ìyá rẹ̀. Kò bínú. Ì bá sàn fún mi bó bá bínú. Ó rọra mú àpò rẹ̀ nílẹ̀, ó dìde, ó tún gèlè ṣe, ó ń lọ.

Ìyá àgbà ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀? Kí ló dé tí ẹ dákẹ́?"

Ẹnì kan tẹ̀ ba etí rẹ̀, ó sọ fún un pé ìyàwó kò kúnlẹ̀, pé ìyá ọkọ ń lọ.

"Ìyàwó mi dà?"

Ìyá ọkọ dúró níbi tó wà. "Mo wà níbí, Ìyá."

"Ìkúnlẹ̀ lò ń wá?" Ìyá àgbà yíjú sí ibi tí ohùn rẹ̀ ti wá. "Èmi ni mo gba tìrẹ, èmi ni màá san án. Ọjọ́ yẹn, mo rí ọ láti ojú fèrèsé. Oòrùn wà lórí rẹ. Mo mọ̀ pé o wà níbẹ̀, mo tún bu oúnjẹ. Láti ìgbà náà, kò sí ọjọ́ tí n kò rí ọ níbẹ̀ nínú ọkàn mi." Ó gbé ọwọ́ lé apá àga, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ara rẹ̀ sílẹ̀, orúnkún rẹ̀ ń wá ilẹ̀.

Gbogbo ilé pariwo, "Éèwọ̀!" Àgbà kúnlẹ̀ fún ọmọdé kẹ̀? Àga dojú dé. Kí a tó débẹ̀, ìyàwó rẹ̀ aránṣọ ti sáré padà, ó ti wà lórí orúnkún méjèèjì níwájú rẹ̀, ó fi àyà gbé e ró, ó ń sunkún, ó ń wí pé, "Ẹ má ṣe é, Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é." Àwọn ọkùnrin gba ìyá àgbà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e padà sórí àga. Ṣùgbọ́n obìnrin náà kò dìde. Ó wà níbẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, ó gbójú sókè, ó ń wo ẹnu ìyá ọkọ rẹ̀, ó ń dúró. Ìyá àgbà ń mí hẹlẹhẹlẹ, ọ̀rọ̀ kò lè jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ apá obìnrin náà.

"Màmá, ẹ dìde."

Obìnrin náà kò yíjú. "Ta ló ní kí n dìde?"

"Èmi ni," ọmọ mi wí. Omijé ti bo gbogbo ojú rẹ̀. "Èmi ìyàwó yín ni mo ní kí ẹ dìde."

Ó gbé e. Obìnrin náà wúwo, kò ràn án lọ́wọ́ lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, ó dúró. Eruku àgbàlá wa wà lórí aṣọ rẹ̀, níbi orúnkún. Ọmọ mi fi ọwọ́ gbọ̀n ọ́n nù fún un. Àwọn méjèèjì dúró bẹ́ẹ̀ níwájú gbogbo wa, ìyá ọkọ gbé ọwọ́ ọ̀tún lé orí ìyàwó rẹ̀, ọmọ mi ga díẹ̀ fún un, ó ní láti na ọwọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà.